Ilé baba, ilé ọkọ àti ogún: ìbéèrè tí àwọn ọmọbìnrin Yorùbá ń béèrè jù

Ìbéèrè kan náà ló ń wá léraléra, a wá kó wọn jọ síbi kan. Òfin Nàìjíríà ni ìdáhùn wọ̀nyí dá lé. Ẹni tí ẹjọ́ ti wà lọ́rùn ẹ̀ báyìí, kó kó ìwé ẹ̀ lọ bá lọ́yà.

Ṣé ọmọbìnrin lè jogún baba rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìpín rẹ̀ kò sì kéré sí ti ọmọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez v. Lopez, ilé-ẹjọ́ ní Èkó ti sọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin lórí ilẹ̀ ẹbí dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọkùnrin. Àṣà wa gan-an ni àwọn adájọ́ fi dá ẹjọ́ náà, wọn kò yá òfin òyìnbó lò.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 42, tún kọ̀ kí wọ́n fi nǹkan du ẹnikẹ́ni nítorí pé obìnrin ni, tàbí nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ lórí èyí ni Ukeje v. Ukeje tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 2014, ṣùgbọ́n àṣà Igbo ni ìyẹn dá lé. Ọmọbìnrin tó ń bẹ̀rù pé àṣà ò fún òun lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ń bẹ̀rù ohun tí kò sí.

Kí ló wá dé tí àwọn ẹbí kan ń ní obìnrin ò ní ìpín?

Ìbẹ̀rù kan wà ńdìí ẹ̀. Ọmọbìnrin á lọ sílé ọkọ, orúkọ ìdílé ọkọ ni àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ́, ilẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níbi tó jẹ́ pé ọ̀nà baba ni wọ́n fi ń ka ẹbí, bí Ọ̀yọ́ àti ibi púpọ̀ ní Èkìtì, ìbẹ̀rù yìí máa ń le. Ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, èèyàn lè gba ọ̀nà ìyá wọ ẹbí kó sì ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, nítorí náà ọmọ tí ọmọbìnrin bí kì í ṣe àlejò. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan àti ọmọ Ọ̀yọ́ kan lè jókòó, kí àwọn méjèèjì máa pariwo "àṣà wa, àṣà wa", kí ohun tí wọ́n ń sọ má jọra rárá.

Ìdí kejì kò níyì tó bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ẹbí ni wọ́n ti ń pín nǹkan, ẹni tí kò bá sí ńbẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé. Ọmọbìnrin tó wà ní Kánò lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ka sí ìwé kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn ọmọ àwọn tó gbàgbé rẹ̀ á ní bó ṣe rí láti ìwáṣẹ̀ nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin ò lẹ́nu nínú ilé?

Ilé wo? Obìnrin kan náà jẹ́ ọmọ ilé níbi tí wọ́n bí i sí, ó sì jẹ́ ìyàwó ilé níbi tó lọ. Nílé baba rẹ̀, gbogbo ìyàwó tí wọ́n bá gbé wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti bí i, ọkọ ni wọ́n ń pè é, bí ìyàwó náà tiẹ̀ fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú. Wọn ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n á fún un ní tiwọn: Ìdílẹ̀kẹ̀, Adúmáadán, Ìbàdí-àrán. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Bí òun náà bá délé ọkọ, á wá orúkọ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, á sì kúnlẹ̀. Láàárín àwọn ìyàwó fúnra wọn, ọjọ́ tí kálukú wọlé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ orí.

Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè dáhùn "ṣé obìnrin Yorùbá ní agbára?" láìkọ́kọ́ béèrè ilé tó dúró sí. Ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti nípọn jù ni ilé baba. Ibi tó ti ń lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ni ilé ọkọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìjà tí à ń rí ló ti ibẹ̀ yẹn wá.

Ta ló pín iṣẹ́ sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin?

Ìdílé ló pín in. Ilé onílù, ilé alágbẹ̀dẹ, ilé ọlọ́nà, ilé ọdẹ: iṣẹ́ ilé ni ọmọ ń bá láyé. Ọmọbìnrin onílù á jẹ́ Àyánkẹ́ tàbí Àyánbùnmi bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe ń jẹ́ Àyán, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbé ìlù kọ́ ọ lọ́rùn láyé àtijọ́. Aṣọ híhun pín sí méjì: ọkùnrin ń hun aṣọ òfì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, obìnrin ń hun kíjìpá tó fẹ̀ lórí òfì tó dúró lóòró. Àdìrẹ wà lọ́wọ́ ìyá, láti ọwọ́ ìyá ló ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Oko ríro pọ̀ jù fún ọkùnrin. Epo ṣíṣe, gàrí yíyan àti ọjà wà lọ́wọ́ obìnrin.

Àpò ọkọ àti àpò aya kì í ṣe ọ̀kan. Ọkọ lè fún ìyàwó lówó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n èrè ọjà jẹ́ ti ìyàwó, òun ló mọ àjọ tó ń dá àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Yorùbá fi ní obìnrin olówó tipẹ́: Ẹfúnróyè Tinúubú ní Èkó àti Abẹ́òkúta, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, tó ní oko àti ẹrú tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ogun kò ní.

Ohun tó dájú ni pé ìpín iṣẹ́ yìí máa ń yí padà kíákíá bí owó bá wọ̀ ọ́. Ọkùnrin ti wà nídìí àdìrẹ báyìí, obìnrin sì ti wà nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pèpàdé ẹbí lé e lórí. Ogún ilẹ̀ ni kì í yí bẹ́ẹ̀, torí pé bí ẹnì kan bá gbà, ìpín ẹlòmíràn á dín.

Ṣé ilé tí wọ́n bí èèyàn sí lè yí ìlú padà?

Ẹ wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní 1900, nínú ìdílé Kìrìsìtẹ́nì tí ìran wọn ti oko ẹrú bọ̀ gba Sàró wálé. Bàbá rẹ̀ rán an lọ sílé ìwé nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ fún ọmọ tirẹ̀. Ní 1914, òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School. Ní 1919 wọ́n rán an lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ ló padà wá jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́jà, ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó sì gbé Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta dìde lórí owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọlá, ọba Ẹ̀gbá, ti kúrò lórí àpèrè.

Ṣùgbọ́n ilé kan ò tó. Àwọn ọlọ́jà tó tẹ̀lé e kò ti ilé ìwé wá. Ilé tiwọn ni ọjà, owó ara wọn ni wọ́n ń jà fún. Láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì, ìjà náà kò ní lọ jìnnà.

Ohun mìíràn tó yí ilé padà ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Kí ó tó dìgbà náà, bàbá tó ní owó ilé ìwé ọmọ kan ṣoṣo, ọmọkùnrin ló sábà ń mú. Nígbà tí owó kúrò ńbẹ̀, àríyànjiyàn náà kúrò nílé púpọ̀.

Kí ni ìdí igi? Kí ni orí ò jorí?

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín ogún ọkùnrin tó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ ni. Ní ìdí igi, iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n fi ń pín in, àwọn ọmọ ìyá kan á wá lọ pín tiwọn. Ní orí ò jorí, iye ọmọ ni wọ́n ń kà.

Ká ní ogún náà jẹ́ mílíọ̀nù 18 náírà. Ìyálé bí ọmọ 1, ìyàwó kejì bí 2, ìyàwó kékeré bí 6. Bó bá jẹ́ ìdí igi, mílíọ̀nù 6 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyálé dá mílíọ̀nù 6 gbé, àwọn méjì gba mílíọ̀nù 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́fà gba mílíọ̀nù 1 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí ò jorí, mílíọ̀nù 2 ló kan gbogbo wọn. Ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kò wọ inú ìṣirò náà níbì kankan.

Ìdí igi ni ilé-ẹjọ́ kà sí àṣà. Nínú ẹjọ́ Dawodu v. Danmole, olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ẹjọ́ náà sì lọ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ wa lọ nígbà náà. Ní 1962 wọ́n ní ìdí igi ṣì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, àti pé olórí ẹbí lè lo orí ò jorí bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí ìpín. Tí ẹbí yín bá fẹ́ orí ò jorí, ẹ fẹnu kò lé e kí ẹnikẹ́ni tó ṣírò owó. Bí kálukú bá ti mọ iye tó máa kàn án, ìpàdé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní òun ni Dáwódù, òun ló nilé.

Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin tó di olórí ẹbí, ń tọ́jú ilé fún gbogbo ọmọ ni. Kò lè tà á fúnra rẹ̀, kò lè gba owó ilé kó má ṣírò rẹ̀ fún ẹbí, kò lè lé àbúrò rẹ̀ jáde. Tó bá kú, ọmọ olóògbé tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù láàyè ló kàn láti di olórí ẹbí, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹjọ́ Lewis v. Bankole ti fìdí ìyẹn múlẹ̀ láti 1908.

Àṣà pé ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí jẹ́ ti àkọ́bí ọkùnrin nìkan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Ẹ̀dó ni. Igiogbe ni wọ́n ń pè é, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú Idehen v. Idehen ní 1991. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n Yorùbá ló ń yá a lò bí ó bá ti bá wọn lára mu.

Orúkọ mi ni bàbá kọ sí "next of kin" ní báńkì. Ṣé èmi ni mo lowó náà?

Rárá. Ẹni tí báńkì máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kì í ṣe àrólé. Gbogbo ọmọ ló lowó náà, ìwé àṣẹ àkóso ohun-ìní láti Probate Registry, ọ́fíìsì ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ogún olóògbé, ni báńkì á sì béèrè kó tó san án. Ìwé ẹ̀rí ikú, iye owó tó wà ní báńkì kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, àti àwọn onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọn kì í fi orúkọ tó ju mẹ́rin lọ sórí ìwé àṣẹ náà. Bí ìyàwó bá pọ̀, kí ìdí kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ jù nìyí: àwọn ọkùnrin mẹ́rin á lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á ní "à ń ṣojú gbogbo yín".

Ọkọ mi kú. Ṣé mo ní ìpín?

Ó wà lọ́wọ́ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, opó kò jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀lé, bí ilé-ẹjọ́ ti sọ nínú Suberu v. Sunmonu ní 1957. Opó náà ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì máa gba ìpín ìdí igi rẹ̀. Opó tí kò bímọ ni àṣà yìí le fún jù, kò sì sí àbùmọ́ níbẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n ń ṣú opó fún àbúrò ọkọ kí ó má baà dá wà. Ní òde òní, kò sẹ́ni tó lè fi tipá ṣú ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù, tí ọkọ kò ṣe wíìlì, òfin Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù bí ọmọ bá wà, yàtọ̀ sí ẹrù inú ilé.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ fún opó jù ni ilé tí òun àti ọkọ jọ kọ́ tó jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ra sìmẹ́ńtì, ó san owó bíríkìlà, kò gba rìsíìtì, torí pé ta ni í gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ ẹni? Kí orúkọ yín méjèèjì wà lórí ìwé ilẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, kí ẹ kọ ohun tó wà fún síbẹ̀: "páànù ilé Àkọ̀bọ̀".

A ṣe ìdána, a tún ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kóòtù nìyẹn?

Ó lè jẹ́, ó sì lè má jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba láti so yìgì, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀jísírà: ìkéde ọjọ́ 21, kí ìgbéyàwó wáyé láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Bí pásítọ̀ bá kàn gbàdúrà lé yín lórí, ìbùkún ni ẹ gbà. Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín lónìí. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ títí ìjà yóò fi dé.

Ọkùnrin tó ti ṣe kóòtù kò lè fi òfin fẹ́ ìyàwó kejì, bó ti wù kí ìdána náà dùn tó. Àwọn ọmọ tí obìnrin kejì bí kò pàdánù ipò wọn bí bàbá bá ti gbà wọ́n.

Mùsùlùmí ni wá. Ṣé gbogbo èyí kàn wá?

Nínú Kùránì, Súrà kẹrin, ẹsẹ 11 àti 12, ìpín ọmọbìnrin jẹ́ ìdajì ti ọmọkùnrin. Opó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá sí; bí opó bá pọ̀, ìpín kan yẹn ni wọ́n jọ ń pín. Èèyàn kò lè fi wíìlì pín ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kò sí kóòtù Ṣàríà ti ìjọba. Àwọn ìgbìmọ̀ tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀ lè pín in bí gbogbo ẹbí bá gbà. Ìlọrin yàtọ̀, torí Kwara ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà tirẹ̀. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá mú, ẹ mú un délẹ̀. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n fi Kùránì dín ìpín ọmọbìnrin kù, kí wọ́n wá fi àṣà sọ fún opó pé kò ní nǹkan kan.

Ọmọ tí bàbá bí síta ńkọ́?

Bí bàbá bá jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọmọ ni. Ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rí: bàbá wá síbi ìsọmọlórúkọ tàbí ó fi orúkọ ránṣẹ́, ó san owó ilé ìwé, ó mú un wá fi han ẹbí, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìbí. Kí ìyá tọ́jú ìwé wọ̀nyí. Ọmọ tó kọ́kọ́ yọjú níbi ìsìnkú máa ń rí ogun.

Ta ló ń jogún ìyá?

Àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí kò bá bímọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Lábẹ́ àṣà, ọkọ kò ní ohunkóhun níbẹ̀, àwọn ọmọ orogún kò sì ní.

Mo fẹ́ padà sílé baba mi. Wọ́n ń pè mí ní dálémosú.

Wọ́n lè pè yín bó ṣe wù wọ́n, yàrá yín ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ ilé ní ẹ̀tọ́ láti gbé nínú ilé ẹbí, yálà ó kọ ọkọ, ọkọ kú, tàbí kò lọ́kọ rí. Ẹ kò lè ta yàrá náà, ẹ kò sì lè gbé e fún ayálégbé láìjẹ́ kí ẹbí mọ̀. Ẹ lọ bá olórí ẹbí kí ẹ tó kó ẹrù dé, kí ẹ mú àbúrò baba kan tàbí ìyá àgbà ilé dání. Bí wọ́n bá ti yàrá pa, lẹ́tà lọ́yà ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ má já kọ́kọ́rọ́, torí ẹni tó bá já kọ́kọ́rọ́ ni ọlọ́pàá á mú.

Wọ́n ti fún mi ní ìpín mi lẹ́nu. Kí ló kù?

Ìwé ló kù. Ẹ ní kí sọ̀fíyọ̀ wọn ilẹ̀ náà, kí àwòrán rẹ̀ fi ìpín kálukú hàn pẹ̀lú nọ́ńbà. Kí lọ́yà kọ ìwé ìpín, kí olórí ẹbí àti olórí ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí orúkọ yín ní kíkún wà níbẹ̀, kì í ṣe "àti àwọn àbúrò". Kí ẹ wá lọ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, títa ilẹ̀ nílò ìfọwọ́sí gómìnà, ẹni tí kò ní ìwé kò sì ní lè gba ìyẹn.

Bí ẹni tó ń tẹ̀ka kò bá mọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kà á síbẹ̀. Ìka ìyá àgbà tí wọ́n kàn tẹ̀ sórí ìwé láìsí èyí ni lọ́yà apá kejì máa ń kọ́kọ́ kọlù.

Wọ́n ti ta ilẹ̀ láìsọ fún mi.

Ẹ béèrè ẹni tó tà á. Bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àṣẹ àwọn olórí ìdí igi, títà náà dúró títí ẹ óò fi ní kí ilé-ẹjọ́ wó o. Ẹjọ́ Ekpendu v. Erika ti 1959 ni wọ́n ń gbé e ka. Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà nínú kí ẹ lọ sí kóòtù lóṣù yìí àti kí ẹ dúró ọdún mẹ́jọ. Bí olùrà bá ti kọ́lé dé òkè, tí ẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìsọ̀rọ̀, adájọ́ á ní ẹ ti gbà. Lẹ́tà lọ́yà sí olùrà àti olórí ẹbí, àkọlé "ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà", fọ́tò tó ní ọjọ́ lórí: ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe ìwọ̀nyí.

Bàbá ṣì wà láàyè. Ṣé wíìlì á dá ìjà dúró?

Ó máa ń dín in kù bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Kí ó wà lákọsílẹ̀. Kí bàbá fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n mú ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ tó ní ìpín ńbẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ohun tí wọ́n kọ fún un á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ fi í pamọ́ sí Probate Registry. Èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí máa ń sọnù lọ́jọ́ ikú gan-an.

Bàbá kò lè fi wíìlì pín ilẹ̀ ẹbí, torí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ohun tó fúnra rẹ̀ rà ló lè pín. Ilé tó bá kọ́ sí Ìbàdàn, òfin Nàìjíríà ló máa pín in bó tiẹ̀ ń gbé Pẹ́kímù ní Lọ́ńdọ̀nù láti ogójì ọdún.

Àwọn obìnrin ilé wa ló ń gbógun ti opó jù. Ṣé obìnrin ni ọ̀tá obìnrin?

Ìbéèrè yìí máa ń bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rí kì í ṣe irọ́. Àwọn àbúrò ọkọ lóbìnrin ló sábà ń kọ́kọ́ béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá olóògbé. Wọn kò ṣe é gẹ́gẹ́ bí obìnrin sí obìnrin. Ọmọ ilé ni wọ́n, onílé ni wọ́n ka ara wọn sí, àlejò ni wọ́n ka opó sí. Obìnrin tó ń lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé baba rẹ̀ lánàá lè jẹ́ opó tí wọ́n ń lé nílé ọkọ rẹ̀ lọ́la, kí ó sì máa yà á lẹ́nu.

Ìwàásù kì í tán ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí ẹbí kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kò sí òkú nílẹ̀: opó máa gbé inú ilé títí di ìgbà báyìí, yàrá rẹ̀ rèé, ẹni báyìí ló máa gba owó ilé. Ohun tí ọmọbìnrin ilé bá fọwọ́ sí fún opó, kó rántí béèrè irú rẹ̀ ní ilé ọkọ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ló tọ́jú bàbá, òun ló kọ́ àjà kejì sórí ilé. Ṣé kò yẹ kí ìpín rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ?

Lábẹ́ òfin, ohun tí ọmọ ẹbí bá kọ́ sórí ilé ẹbí di ti ẹbí. Àtúnṣe kì í sọ ilé di tirẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ kó máa gbé àjà náà, wọ́n lè gbà láti san owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìyẹn wà lọ́wọ́ àdéhùn. Owó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n máa ń jáde nínú ogún kí wọ́n tó pín in. Ẹni tó náwó gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì wá, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹbí àti máàlù kẹta kì í sí nínú ohun tí adájọ́ ń pè ní ìwọ̀n.

Ìtọ́jú bàbá ló ṣòro jù láti ṣírò, ọmọbìnrin ló sì sábà ń ṣe é láìka iye: ìfọṣọ, oògùn, òru tí kò sùn. Ìgbà tí ọkùnrin bá ní òun lo owó, òun náà lè ní òun lo ọdún mẹ́fà. Bí ẹ bá máa ka ìtọ́jú sí ìpín, ẹ kà á fún gbogbo ẹni tó tọ́jú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpín pẹ̀lú iye rẹ̀ kí olórí ẹbí tó tẹ̀ka.